Ìjàpá Pààlà fún Èéfín

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rú tùù, ó gba orí òrùlé kọjá. Kò bà lé igi, kò bà lé ọ̀pẹ, orí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo ló bà lé. Ó tún ta sí Òkété lára, ìyá tó ń se oúnjẹ tà. Ìbídùn, sún sẹ́yìn kí àbúrò rẹ rí àyè jókòó. Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Bí mo bá dé ibi orin, ẹ má fi gbígbè sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé nìkan o.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ń lọ jẹun ní búkà bí ènìyàn, búkà kan ṣoṣo ló wà ní ìlú wọn. Òkété ló ni ín. Opó ni Òkété. Ọmọ kan ló kù sí i lẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni ọmọ ọ̀hún sì máa ń wà bí ìyá bá ń gúnyán. Ilé amọ̀ ni búkà náà, imọ̀ ọ̀pẹ ló fi bo òrùlé rẹ̀, ó sì dá fèrèsé yí gbogbo ara ògiri ká.

Iyán Òkété kì í ní kókó. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rẹ̀, ẹja ló fi ń sè é, òórùn rẹ̀ á ti pàdé yín lójú ọ̀nà. Ẹmu rẹ̀ ń hó títí tó fi ń dé ọ̀fun. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, gbogbo ẹranko á wọ́ lọ síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dìjà rèé. Bí wọ́n bá ti mu ẹmu díẹ̀, Ìnàkí á na ọwọ́ sí àpò, á yọ ìkòkò tábà rẹ̀, á ki ewé sí i, á ṣáná sí i, á fà á. Bí Ìnàkí bá ti fà á, Ajá á fa tirẹ̀. Bí Ajá bá fà á, Ìmàdò ò ní gbà kí ó jẹ́ òun nìkan ni kò ní mu ún. Kò ní pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ajá kí òpó ilé kú ìrọ̀lẹ́, ó sì bínú lọ sílé pé òpó náà rí òun fín. Ìmàdò ki ọwọ́ bọ àwo ẹlòmíràn, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní èéfín ni kò jẹ́ kí òun mọ̀. Èyí ò dá èmi lójú. Etu ní tirẹ̀ gbọ́ òórùn tábà nínú iyán, ó gbọ́ ọ nínú ẹmu, ó délé, ó tún gbọ́ ọ lára ìrọ̀rí.

Ta ló ń ta tábà fún gbogbo wọn? Ìjàpá ni. Gbogbo oko rẹ̀, láti etí odò títí dé ẹsẹ̀ òkè, tábà ló gbìn sí i. Yánníbo ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí.

"Bàbá ilé, ẹ jẹ́ ká gbin iṣu díẹ̀ sí igun oko."

"Iṣu kẹ̀? Ẹni tó jẹ iṣu lónìí lè jẹ ẹ̀wà lọ́la. Ẹni tó mu tábà lónìí, tábà náà ni yóò tún wá lọ́la. Èwo ni ká gbìn nínú méjèèjì?"

"Bí wọn ò bá wá lọ́la ńkọ́? A kì í fi ewé tábà se ọbẹ̀."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín, ó di ewé rẹ̀, ó gba ọ̀nà búkà lọ. Bó ṣe ń jẹun nìyẹn. Bí ó bá gbé ewé fún Ìnàkí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn náà á bu iyán fún un, wọ́n á yọ ẹja lé e. Kò ní ebè iṣu kan, kò ní poro àgbàdo kan. Tábà yẹn ni ọwọ́ rẹ̀, tábà yẹn ni ẹnu rẹ̀.

Ìgbà tó yá, ikọ́ mú ọmọ Òkété. Hù-hù-hù. Ìyá rẹ̀ fún un lágbo, kò lọ. Ó fún un lóyin, kò lọ. Bí ọmọ bá wà nílé, ikọ́ á dákẹ́. Bí ìyá bá ti pọ̀n ọ́n wọ búkà, ikọ́ á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Etu tó jókòó nítòsí gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo.

"Ìyá Olóńjẹ, ikọ́ ọmọ yìí kì í ṣe ti àgbo o. Ẹ ò rí ohun tó ń mí sínú ni?"

"Mo rí i, Etu. Ṣùgbọ́n bí mo bá lé wọn, ta ni yóò jẹ iyán tí mo gún?"

Etu dìde. Ó fọ ọwọ́, ó gba ilé Baálẹ̀ lọ.

Ẹfọ̀n ni Baálẹ̀ ìlú náà. Ẹfọ̀n fẹ́ràn àlàáfíà, ó sì fẹ́ràn iyán. Ó wá ní kí ìpàdé wáyé nínú búkà Òkété, kí àwọn méjèèjì lè wà lójú kan. Gbogbo wọn pé. Òkété gbé iyán síwájú Baálẹ̀, Baálẹ̀ ní ká sọ̀rọ̀ ná. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ ju iyán lọ.

Etu ló kọ́kọ́ dìde. "Bàbá, ẹjọ́ mi ò gùn. Ẹni tó bá fẹ́ mu tábà, kó mu ún lóde. Ilé oúnjẹ, kó jẹ́ ilé oúnjẹ."

Ìnàkí dìde. Ìkòkò rẹ̀ ló fi ń tọ́ka, bí ẹni pé ìka rẹ̀ ò tó.

"Bàbá mi mu tábà. Bàbá tó bí bàbá mi mu tábà. Kí ló ṣe wọ́n?"

"Kí ló pa wọ́n?" Etu bi í.

"Ikọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikọ́ tábà. Ikọ́ ìdílé wa ni."

"Òótọ́ ni," ni Ajá wí. "Mo mọ ikọ́ náà dáadáa. Ó ti ń wá sílé wa pẹ̀lú."

Ìmàdò kò dìde, ó jókòó sọ tirẹ̀. "Ẹni tí kò bá fẹ́ èéfín, kó jókòó sílé ìyá rẹ̀ kó jẹun. Ta ló fi okùn fà á wá? Ẹnu mi ni, tábà mi ni, ẹ̀dọ̀fóró mi ni."

"Èmi ò ní kí o má mu ún," ni Etu dá a lóhùn. "Mo ní kí n má bá ọ mu ún ni. Ẹmu tí o gbé sẹ́nu yẹn, ṣé inú mi ló ń lọ?"

Ìmàdò wo inú igbá rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ẹmu ń gbà.

Baálẹ̀ yíjú sí Òkété. "Ìwọ tí o ni ilé, kí lo wí?"

Òkété fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo àwọn amutábà bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. "Ohun tí ẹ bá ní ká ṣe ni, Bàbá."

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnu Baálẹ̀ ni Ìjàpá ń wò. Ó rí i pé ẹnu náà ti ń tẹ̀ sọ́dọ̀ Etu. Ìdí rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó rí oko rẹ̀ lójú inú, ewé láti etí odò dé ẹsẹ̀ òkè, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ó rí Yánníbo tó gbé àwo ka iwájú òun, ewé gbígbẹ ló wà nínú àwo, wọ́n sì fi omi gbígbóná wọ́n ọn. Ó fò dìde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó máa ń fò.

"Kí ẹ̀mí yín gùn, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bẹ́ẹ̀."

"Dúró ná, Alábahun," ni Etu wí. "Ìkòkò tìrẹ dà?"

"Èmi? N kì í mu ún. Àyà mi ò gbà á."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ní kí ó yáa máa bọ́rọ̀ lọ, iyán ń tutù.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká pín ilé yìí sí méjì. Ẹ jẹ́ ká ta ẹní sáàárín. Apá ọ̀tún, ti àwọn tó ń mu tábà. Apá òsì, ti àwọn tí àyà wọn gbẹgẹ́ bíi tèmi. Èéfín á jókòó sáyè tirẹ̀, atẹ́gùn á jókòó sáyè tirẹ̀. Kò sẹ́ni tí a lé, iyán ò sì ní ṣẹ́ kù."

"Ta ni yóò máa ṣọ́ ẹní náà?" Baálẹ̀ bi í.

"Èmi náà ni. N kò sì ní gba nǹkan kan. Bí ará apá òsì bá fẹ́ dúpẹ́, kó yọ ẹja fún mi. Bí ará apá ọ̀tún bá fẹ́ dúpẹ́, kó bu iyán fún mi. Ẹni tí kò bá fẹ́ dúpẹ́, a ó máa wò ó."

"Ó parí," ni Baálẹ̀ wí. Ó ti bu òkèlè kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n ta ẹní. Ẹní tó dára ni, Yánníbo ló hun ún. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé èéfín kò sí ní ìpàdé. Kò gbọ́ ohun tí Baálẹ̀ sọ. Ó gba orí ẹní kọjá, ó gba abẹ́ rẹ̀, ó tún ń yọ láàárín fọ́nrán bí ẹni tó ń yọjú wo aládùúgbò.

"Alábahun," ni Etu ké sí i, "èéfín ti dé ọ̀dọ̀ wa o."

Ìjàpá dé, ẹja wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó kọjú sí èéfín. "Ta ló ní kí o kọjá síbí? Ṣé ìwọ ò rí ẹní ni? Padà sẹ́yìn kíá." Ó fi ọwọ́ fẹ́ ẹ, èéfín náà rọra lọ bà sórí àwo Etu.

"Ó ti gbọ́," ni Ìjàpá wí. "Ẹ máa ní sùúrù fún un, kò tíì mọ ilé."

Ó nawọ́ gba ẹja ìdúpẹ́, ó lọ.

Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń lọ, ó ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí àwọn ará apá òsì bá jẹun díẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ ki imú bọ fèrèsé, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á padà wá jókòó. Ẹni tó bá mí tán á tún lọ. Lásán ni wọ́n ń mí, wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó dun Ìjàpá dọ́kàn. Ó rò ó pé ohun tí gbogbo ayé ń sáré tọ̀ báyìí, ṣé ó yẹ kó wà láìní olówó?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Òkété kò tíì dáná tí Ìjàpá ti dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ nínú agbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dí fèrèsé.

"Kí lò ń ṣe nílé mi, Alábahun?"

"Ìyá Olóńjẹ, àwọn fèrèsé yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀. Atẹ́gùn tó ń gbà wọ́n wọlé ló ń ti èéfín kọjá ẹní. Bí a bá dí wọn, èéfín á jókòó jẹ́ẹ́."

Òkété dúró, ó ń wo ọwọ́ Ìjàpá bó ṣe ń po ẹrẹ̀.

"Ṣé o ti débi tí wọ́n ti ń fín òkété rí?"

"Ó tì o, ìyá."

"Wọ́n á wá gbogbo ẹnu ihò rí. Wọ́n á fi ẹrẹ̀ dí wọn bí o ṣe ń ṣe yìí gẹ́lẹ́. Wọ́n á fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀. Wọ́n á wá fẹ́ èéfín sí àwọn tó wà nínú ilé. Bí o bá jókòó sínú, èéfín á pa ọ́. Bí o bá sáré jáde, ẹni tó gbé kùmọ̀ ti wà lẹ́nu èyí tó kù. Bí ọkọ mi ṣe lọ nìyẹn."

"Ẹ kú àmúmọ́ra, ìyá. Ṣùgbọ́n inú igbó nìyẹn. Búkà lèyí. Ta ló gbé kùmọ̀ níbí?" Ìjàpá wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbí ẹ fẹ́ kí Ìnàkí àti àwọn èèyàn rẹ̀ máa lọ mu ẹmu nílùú kejì?"

Ọ̀rọ̀ oníbàárà ni wọ́n fi ń pa Òkété lẹ́nu mọ́ nígbà gbogbo. Ó lọ ko iṣu, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń wúkọ́.

Ìjàpá dí gbogbo fèrèsé tán, ó ṣẹ́ ẹyọ kan kù ní apá òsì. Ó fi ẹní tó wúwo bo ẹnu ọ̀nà, ó ní nítorí eṣinṣin ni. Ó wá gbé àpótí ka ìdí fèrèsé tó kù yẹn, ó jókòó tì í.

Ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn amutábà. "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé tábà yín ló ti ń gba fèrèsé ṣòfò láti ọjọ́ yìí? Ní báyìí, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó máa mí i títí ẹ ó fi relé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìnàkí lákínyẹmí ara. "Ẹ ò rí ẹni tó ń rò tiwa bí?" Ó bu iyán gìdìgbà fún un.

Ó padà sí apá òsì. Etu ti dúró, imú rẹ̀ ń wá ọ̀nà.

"Mímí kan, ẹja kan," ni Ìjàpá wí.

"Atẹ́gùn Ọlọ́run lò ń tà fún mi?"

"Atẹ́gùn jẹ́ ti Ọlọ́run. Ìdí fèrèsé ni tèmi."

Kí ni Etu fẹ́ ṣe? Ó yọ ẹja, ó mí. Ẹni tó tẹ̀lé e yọ ẹja, ó mí. Àwọn mìíràn ò jẹ ẹja mọ́ rárá, wọ́n kàn ń rà á kí wọ́n lè rí ohun mí ni. Ìjàpá ń gba tọ̀tún, ó ń gba tòsì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Ọrùn rẹ̀ kì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e wálé.

"Bàbá ilé," ni Yánníbo wí, "gbogbo ẹja tí ẹ ń rí gbà yìí, ẹ ò tiẹ̀ mú orí kan wá fún èmi."

"Má bínú, mo ti bá ọ jẹ tìrẹ."

Ọjọ́ ọjà wá kò. Ẹranko tilé toko ló ya wọ búkà Òkété. Apá ọ̀tún kún, apá òsì kún, àwọn kan wà lábẹ́ ẹní láàárín, ìdajì wọn ń mu tábà, ìdajì ń wúkọ́. Èéfín rú, kò ríbi lọ, ó padà wá bá àwọn tó rú u. Gbogbo ọ̀fun ló gbẹ. Wọ́n mu omi inú àmù títí àmù fi dún kọ̀rọ̀. Ìjàpá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ojú pẹ́pẹ́. Ó ní bí òun tí òun ni atẹ́gùn bá ń wúkọ́, kò bójú mu. Ó gun orí àpótí, ó ti orí bọ fèrèsé, ó ti apá bọ̀ ọ́, ó jókòó síbẹ̀. Orí rẹ̀ wà lóde, ìdí rẹ̀ wà nínú ilé. Ó ń mí atẹ́gùn tútù, ó sì na ọwọ́ kan sẹ́yìn láti máa gba ẹja. Ó gba, ó jẹ. Ó tún gba, ó tún jẹ.

"Alábahun, yẹra díẹ̀ kí n mí," ni Etu wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹja dà?"

"Mo ti fún ọ. O ti jẹ ẹ́."

Ìjàpá fẹ́ yẹra. Ẹ má ṣe rò pé ó ń parọ́, lóòótọ́ ló fẹ́ yẹra. Ó tì síwájú, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ há. Ó fà sẹ́yìn, ikùn rẹ̀ há. Ihò kan ṣoṣo tó kù nínú ilé náà, ẹni tó ń tà á ti fi ara rẹ̀ dí i.

Nídìí odó, Òkété ń gúnyán, ó ń fi etí kan gbọ́ ikọ́ ọmọ rẹ̀. Hù-hù-hù. Hù-hù. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ ọ mọ́. Láti ọjọ́ tí ikọ́ ti mú ọmọ yìí, ìyá rẹ̀ ti ń gbàdúrà kí ó dákẹ́. Nígbà tó wá dákẹ́ yìí, ẹ̀rù ba ìyá. Ó ju ọmọ odó sílẹ̀. Kò wo oníbàárà, kò ro ti òfin Baálẹ̀. Ó fa ẹní ẹnu ọ̀nà já, ó bọ́ sóde.

Ojú Ìjàpá tó há sí fèrèsé ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó rí i tó tú ọ̀já, tó gbé ọmọ síwájú, tó ń lù ú lẹ́yìn jẹ́jẹ́, tó ń fẹ́ ẹ lójú. "Mí," ló ń wí. "Mí fún mi, ọmọ mi. Mí." Ọmọ náà rọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí aṣọ tí a sá. Ìjàpá tó wà lójú fèrèsé ò lè yíjú kúrò, kò sì síbi tó fẹ́ yí i sí.

Ọmọ náà fa èémí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ké.

Igbe náà ni àwọn tó kù nínú ilé gbọ́ tí wọ́n fi mọ ibi tí ọ̀nà wà. Wọ́n ya jáde, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ìmàdò gbé Ajá ṣubú. Ìnàkí sáré títí ìkòkò rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀, ẹyin iná inú rẹ̀ sì bọ́ sí ìdí ẹní tí wọ́n fi pààlà. Ẹní gbígbẹ ni. Iná mú un wẹ́rẹ́.

Ìjàpá nìkan ló kù. Kò rí iná náà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ rí i. Èéfín tó wà nínú ilé rí ìmọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀, ó sì ń du ọ̀nà náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gba abẹ́ igbá ẹ̀yìn wọlé sí i lára, ó ń gba ihò imú jáde. Ẹ bá wò ó, ẹ ó ní ẹja orí àjà ni. Ló bá fi orin sẹ́nu, ẹ gbè é o:

Ìnàkí, wá fà mí yọ o,
Èéfín ń rú.
Ìmàdò, wá fà mí yọ o,
Èéfín ń rú.
Ìdí mi ti ń gbóná o,
Èéfín ń rú.
Ẹja ló pọ̀ níkùn mi o,
Èéfín ń rú.
Iwájú ò gbà, ẹ̀yìn ò gbà,
Èéfín ń rú, tùù, èéfín ń rú.

"Bá a wí, Alábahun," ni Etu wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ní kó padà sẹ́yìn kíá. Ó máa ń gbọ́ tìrẹ."

"Mímí kan, ẹja kan," ni Ajá wí láti ilẹ̀ tó ṣubú sí.

Òkété gbọ́ bí nǹkan ṣe ń ta pàrà nínú ilé. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rí ahọ́n iná tó ti ń gun ẹní lọ sí òkè. Imọ̀ ọ̀pẹ ló wà lókè. Bí iná bá fọwọ́ kan imọ̀, búkà ti lọ nìyẹn, opó àti ọmọ á sì di alágbe. Ó gbé ọmọ lé Etu lọ́wọ́, ó da gèlè bo imú, ó wọlé.

Ó dé ìdí àmù, àmù gbẹ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹmu ọjọ́ ọjà ló rí, akèrègbè ńláńlá tí wọ́n tò sídìí ògiri, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Ó gbé ọ̀kan.

Ìnàkí ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ìyá Olóńjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Ẹ ò jẹ́ ká pe Baálẹ̀ ká ṣèpàdé lórí ẹ̀ ná?"

Ṣàà. Òkété da èyí sórí iná. Ó gbé òmíràn, ṣàà. Ó gbé èyí tó kù, ṣàà. Iná ké, ó kú. Ẹmu ń hó nílẹ̀, ó ń gba ẹsẹ̀ Ìnàkí kọjá lọ sójú àgbàrá.

Ìnàkí rọra jókòó sílẹ̀. Ọmọ wúkọ́ títí, kò mì ín. Ẹní jó, kò mì ín. Ṣùgbọ́n ó wo ẹmu yẹn, ó sì sunkún bí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú. Ìmàdò jókòó tì í, òun náà sunkún.

"Ìkòkò ta ló dáná yìí?" ni Ìmàdò bi í.

"Má bi mí," ni Ìnàkí wí.

Wọ́n wá rántí Ìjàpá. Ajá àti Ìmàdò di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú, Etu gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó bọ́ sínú ilé, ó fi pátákò ta á nídìí. Mo gbọ́ pé ó ta á ju bó ṣe yẹ lọ. Ìjàpá yọ gbọ̀ọ́, ó ṣubú sí ìta. Ó la ẹnu láti dúpẹ́, ohùn náà gba imú rẹ̀ jáde. Ó tún un ṣe, imú náà ló tún gbà. Èéfín ti ba ọ̀nà ọ̀fun jẹ́. Láti ọjọ́ náà títí di òní, Ìjàpá ò lè sọ̀rọ̀ láì ránmú.

Òkété kò dúró de ẹnì kankan. Ọmọ odó rẹ̀ ló gbé, ó lọ káàkiri ara ògiri, ó ń gún ẹrẹ̀ fèrèsé jábọ́ bí ẹni tó ń gúnyán ọdún. Nígbà tó gún èyí tó kẹ́yìn tán, ó kọjú sí wọn.

"Igi ńlá wà lóde, abẹ́ rẹ̀ tutù. Ẹni tó bá fẹ́ mu tábà, kó lọ mu ún níbẹ̀, kó fọ ẹnu, kó padà wá jẹun. Ẹni tó bá gbé ìkòkò tó ń jó wọlé mi, omi ọbẹ̀ gbígbóná ni n ó fi pa á. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sílùú kejì, ọ̀nà rèé."

Wọ́n wojú ara wọn. Ìnàkí nu imú rẹ̀. "Ta ló ń lọ? Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹmu pọ̀ lọ́la."

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ tán ni Baálẹ̀ dé. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó mi orí, ó ní ohun tí òun ti ní lọ́kàn láti ọjọ́ kìn-ín-ní gan-an nìyẹn, kí gbogbo ìlú mọ̀ pé òfin òun ni.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n padà wá, gbogbo wọn. Àwọn amutábà lọ sábẹ́ igi, wọ́n mu tiwọn, wọ́n wọlé. Atẹ́gùn ń fẹ́ gba inú ilé. Ojú mọ́ kedere. Òkété gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, wọ́n sì wo inú àwo fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìmàdò ló fi ìka gbé ẹja tirẹ̀ sókè.

"Ìyá Olóńjẹ, ṣé ẹja nìyí, àbí ìpẹ́ ara rẹ̀?"

Òkété rẹjú sílẹ̀. Èéfín ò ṣàì ṣe òun náà lóore díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gé ẹja tó ṣeé rí.

Ìjàpá ńkọ́? Kò sí iyán ìdúpẹ́, kò sí ẹja ìdúpẹ́. Àwọn tó lọ sábẹ́ igi pàápàá, nítorí pé wọ́n ní láti dìde kí wọ́n tó mu ún, wọn ò mu ún tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ewé gbẹ lóko Ìjàpá. Yánníbo mú ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hú tábà láti etí odò, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ìyàn mú wọn lọ́dún náà, kí iṣu tó ta. Ìjàpá wá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà búkà, ó ń fi imú bẹ̀bẹ̀. Òkété wò ó títí. Ó na ọmọ odó sí i.

"Gún èyí. Bí kò bá ní kókó, wàá jẹ nínú rẹ̀."

Ibẹ̀ ni Ìjàpá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òógùn ojú jẹ iyán.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ gbé e sọ́wọ́. Èéfín ò mọ ààlà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ta ẹní fún un. Ẹni tó ń mu tábà, ẹ má bá a jà, ẹ fi ìlẹ̀kùn hàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á tí kì í fi kan ẹnu ara rẹ̀, tó tún fẹ́ gba ẹja lọ́wọ́ yín kí ẹ tó mí, ẹni yẹn ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Bí mo bá parọ́ nínú àlọ́ yìí, kí ohùn mi máa gba imú jáde. Bí n kò bá parọ́, ká mí sínú, ká mí síta, kó má dun ẹnì kankan nínú wa. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sùn. Ẹ fi fèrèsé yẹn sílẹ̀ ní ṣíṣí.